Mi Ò Ní Ya Àpótí fún “Àwọn Yòókù”

“Pa á rẹ́,” ni ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn wa wí.

“Mi ò ní pa á rẹ́, sà.”

Inú yàrá ìpàdé la wà. Fáànù ara ògiri ń pariwo, ó sì ń gbọ̀n. Àwa méje la jókòó yí tábìlì ká. Àwọn márùn-ún tó kù dojú bolẹ̀ bí ẹni tí abẹ́rẹ́ bọ́ sọnù lọ́wọ́ ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Èmi ni wọ́n gbà pé kí n ṣe ìkànnì ìntánẹ́ẹ̀tì tuntun fún ilé ìwòsàn náà. Kí ẹnikẹ́ni tó lè kọ lẹ́tà kan síbẹ̀, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ irú àwọn ojú ìwé tó máa wà níbẹ̀, àti àpótí, ìyẹn àyè tí a ń kọ nǹkan sí, tí irú kọ̀ọ̀kan ní. Ojú ìwé ìròyìn ní àpótí àkọlé, ti ọjọ́ àti ti àwòrán. Ojú ìwé wọ́ọ̀dù ní tiẹ̀. Orí bébà ni mo ti máa ń ya gbogbo wọn kí n tó kó wọn sínú kọ̀ǹpútà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè mí ní Alápótí. Fún òṣìṣẹ́, irú kan ṣoṣo ni mo ṣe: orúkọ, àwòrán, ẹ̀ka, àti àpótí gbọọrọ kan tí mo pè ní “Ohun tí mò ń ṣe níbí”. Mo fi ìràwọ̀ pupa sí i lára. Ìtumọ̀ ìràwọ̀ yẹn ni pé bí o ò bá kọ ó kéré tán ogún ọ̀rọ̀ síbẹ̀, ojú ìwé rẹ ò ní jáde, ò báà jẹ́ ọmọ ta ni. Olúkúlùkù ti ń kọ tiẹ̀, kò sì gbọdọ̀ ju ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀ lọ.

Bí dókítà ṣe ní àpótí yìí ni ẹni tó ń nulẹ̀ ṣe ní in. Irú kan ṣoṣo yìí ni ọ̀gá ní kí n pa rẹ́; ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀.

“Irú méjì ni mo fẹ́,” ni ọ̀gá wí. “Òṣìṣẹ́ Pàtàkì, pẹ̀lú àwòrán. Lẹ́yìn náà, Àwọn Yòókù. Ìyẹn ò nílò àwòrán. Kọ iye wọn síbẹ̀, ó parí.”

Mo mọ ẹnì kan nínú Àwọn Yòókù. Ó ti ń fọ aṣọ ibùsùn nílé ìwòsàn yìí fún ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, ọṣẹ ti jẹ èékánná ẹ̀ tán. Òun ló bí mi.

“Ta ni wọ́n ń pè ní àwọn yòókù, sà?”

“Ìwọ náà mọ̀ wọ́n.”

“Mo mọ̀ wọ́n, sà. Ìdí tí mi ò fi ní ṣe é nìyẹn.”

“Ṣé nítorí ìyá ẹ lo ṣe ń yarí mọ́ mi lọ́wọ́?”

Gbogbo wọn gbórí sókè. Wọ́n rò pé mo máa sẹ́.

“Nítorí ìyá mi ni, sà.”

Kí ni mo fẹ́ sẹ́? Imú tó wà lójú obìnrin yẹn náà ló wà lójú mi.

Ọ̀gá fi ìka lu tábìlì. “Fúráìdé la máa ṣí ìkànnì yìí. Tí mi ò bá rí irú méjì, ìwọ àti báàgì ẹ, ìta ni. Ohun kan tún kù. Gbogbo ojú ìwé pátá gbọ́dọ̀ so mọ́ tèmi. Ẹni tó bá ṣí ti nọ́ọ̀sì, kó rí mi. Ẹni tó bá ṣí ti oníṣègùn eyín, kó rí mi. Dandan ni.”

“Sà, tí mo bá sọ ìyẹn di dandan, tí ojú ìwé tiyín ò bá jáde, ẹyọ kan ò ní jáde o.”

Inú ẹ̀ dùn débi pé ó na ẹsẹ̀ sábẹ́ tábìlì. “Bó ṣe yẹ kó rí gan-an nìyẹn!”

Ẹ̀yin náà gbọ́. Mo kìlọ̀.

Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sí yàrá ìfọṣọ. Ooru ibẹ̀ ń gbáni lójú. Màámi na etí aṣọ ibùsùn kan sí mi, a bẹ̀rẹ̀ sí í ká a, mo sì ń ròyìn. Mo ti ń retí àdúrà. Ṣe ni wọ́n ju aṣọ sílẹ̀.

“Ta ló rán ẹ níṣẹ́?”

“Màámi, mo rò pé…”

“Mo ní ta ló rán ẹ? Ṣé mo sọ fún ẹ pé ìntánẹ́ẹ̀tì ń wù mí?”

Mo gbé aṣọ náà nílẹ̀. “Kò burú, mà. Màá yọ tiyín kúrò.”

“Yọ kí ni? Ṣé orí ẹ pé? Ọ̀rọ̀ ọgọ́rùn-ún péré lo gbà mí láyè! Mo sọ ti ẹ̀jẹ̀ tán, àpótí ti kún, mi ò sì tíì dé orí àbàwọ́n áyódíìnì tí wọ́n ń fi sójú egbò! Lọ fẹ àpótí yẹn kí n tó bá ẹ jà!”

Mo fẹ̀ ẹ́, fún gbogbo ènìyàn. Ohun tí Màámi kọ nìyí: “Omi tútù ni wọ́n fi ń fọ ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó bá bu omi gbígbóná sí i ti sè é mọ́ aṣọ lára. Aṣọ àwọn ọmọdé, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mò ń ṣan án, kí ọṣẹ má baà yún wọn lára.” Ti áyódíìnì nìkan gba ìlà mẹ́jọ.

Fúráìdé dé. Gbọ̀ngàn kún fún òṣìṣẹ́, ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ilé ìwòsàn jókòó níwájú, ojú ẹ̀rọ ńlá ń tàn lára ògiri. Ọ̀gá rọra tẹ̀ sí mi létí. “Irú méjì ńkọ́?”

“Ọ̀kan ni, sà.”

Ó rẹ́rìn-ín sí ìgbìmọ̀, ó sì fi eyín yẹn kan náà bá mi sọ̀rọ̀: “A máa ríra.” Ló bá tẹ bọ́tìnnì.

Ẹ̀rọ kọ ọ́ gàdàgbà: Ojú ìwé igba ó lé mẹ́rìnlá kò lè jáde. Ojú ìwé Ọ̀gá Àgbà kò pé. Ohun tí mò ń ṣe níbí: òfìfo.

Ọ̀gá yíjú sí akọ̀wé ẹ̀. “Ìwọ lo kọ tèmi!”

“Mo kọ gbogbo oyè yín, sà. Mo fi àwòrán sí i. Ibẹ̀ yẹn… ọjọ́ méjì ni mo fi wò ó.”

Ọ̀gá fúnra ẹ̀ jókòó. Ó tẹ “Mo ń darí”. Ẹ̀rọ ní ó ku ọ̀rọ̀ mẹ́tàdínlógún. Ó fi “gidigidi gan-an” kún un. Ó ku mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹnì kan lẹ́yìn ti ń bá a kà á sókè.

“Alápótí! Yọ ìràwọ̀ yẹn lára tèmi!”

“Àpótí kan náà ni gbogbo wa, sà. Tó bá kúrò lára tiyín, ó kúrò lára ti gbogbo ènìyàn.”

“Yọ ọ́ lára gbogbo ènìyàn!”

“Mo kọ̀, sà.”

“O ti kúrò níṣẹ́!”

“Mo gbọ́, sà. Ó ku ọ̀rọ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.”

Màámi bá dìde. Wọ́n nu ọwọ́ sára épírọ̀nù, wọ́n rìn dé iwájú. “Ẹ má bínú, sà,” ni wọ́n wí. Wọ́n fẹ́ bá mi bẹ̀bẹ̀!

“Ẹ kọ ọ́ pé lọ́dún tí páìpù bẹ́, ẹ bọ́ bàtà, ẹ bá wa ru korobá omi fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo rí yín. Ẹ ò tíì di ọ̀gá àgbà nígbà yẹn.”

Ọ̀gá kọjú padà sí ẹ̀rọ. Ó pa “gidigidi gan-an” rẹ́. Ó fi ìka kan ṣoṣo tẹ ọ̀rọ̀ korobá náà, ó ń sinmi láàárín. Ìkìlọ̀ ẹ̀rọ pòórá. Ojú ìwé igba ó lé mẹ́rìnlá tú jáde lẹ́ẹ̀kan, gbọ̀ngàn sì hó.

Ó dìde, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbọwọ́ Màámi. “Ẹ ṣeun gan-an, Màámà.” Inú mi dùn, mo rò pé iṣẹ́ mi ti padà. Ó yíjú sí mi.

“Ìwọ, o ṣì ti kúrò níṣẹ́.”

“Ó dáa, sà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá máa pín òṣìṣẹ́ sí méjì lẹ́yìn mi gbọ́dọ̀ pa irú kan yìí rẹ́ ná. Ojú ìwé tiyín á bá a lọ, ẹ ó sì tún un kọ.”

Ó wo ara ògiri, ó wo ohun tó kọ síbẹ̀.

Mo gbé báàgì. Màámi ti jókòó sórí àga iwájú, láàárín ìgbìmọ̀.

“Níbo lò ń lọ?”

“Wọ́n lé mi, mà.”

“Ṣé mo di etí ni? Jókòó. Ṣí ti ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà fún mi, ó ní òun ní ọ̀rọ̀ tó pọ̀ láti sọ.”

Mo jókòó. Mo ṣí i. Mo kà á sókè lójú ọ̀gá, látòkè délẹ̀. Nígbà tó tán, Màámi ní kí n ṣí ti ẹni tó ń nulẹ̀.