Èèkàn Tí Káfíńtà Kò Ṣí Nípò

Ogójì ìṣísẹ̀ ni ìyá Káfíńtà máa ń kà láràárọ̀ nígbà tí omi bá ti fà sẹ́yìn, láti ẹnu ọ̀nà ilé wọn dé ìdí èèkàn funfun tó wà létí òkun. Ojú ìyá ti fọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀ mọ ọ̀nà. Bí ọ̀pá bá ti kan èèkàn, yóò mí kanlẹ̀, yóò ní òkun ṣì jìnnà sí wọn.

Ọkọ̀ apẹja ni Káfíńtà ń kàn láti kékeré. Àṣẹ ìjọba ni pé kí onílé kọ̀ọ̀kan máa ṣí èèkàn rẹ̀ lọ síbi tí omi bá dé nígbà tí òkun bá kún. Omi ti kọjá èèkàn tirẹ̀ láti oṣù mẹ́ta, kò ṣí i. Ó kọ́kọ́ ní òun ò fẹ́ kí àyà ìyá òun já. Nígbà tó yá, àyà tirẹ̀ gan-an ló ń já. Ní ìdájí, yóò rọra da èérún igi sábẹ́ ibùsùn ìyá kó lè fa omi ilẹ̀ mu. Bí ìyá bá ní ariwo òkun yìí mà pọ̀, yóò ní afẹ́fẹ́ ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, akọ̀wé ìjọba dé, ó ń ka ìṣísẹ̀ láti ilé dé ilé. Ilé tí kò bá tó ọgbọ̀n ìṣísẹ̀ sí èèkàn, lọ́rì yóò kó wọn lọ́la, wọ́n á gba ilé lórí òkè. Àwọn yòókù, ó di àmọ́dún. Ó ka ti Káfíńtà, ó pé ogójì. Inú ìyá dùn lórí àga tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Káfíńtà wo ògiri yàrá ìyá, tí iyọ̀ ti jẹ dé ìwọ̀n orúnkún. Yàrá yẹn ò ní rí àmọ́dún.

Ó tọ akọ̀wé lọ. "Ọ̀gá, èèkàn yẹn... ibẹ̀ kọ́ ló yẹ kó wà. Omi ti kọjá ẹ̀. Èmi ni mi ò ṣí i."

Akọ̀wé rẹ́rìn-ín. Ó ní láti àárọ̀, ilé mẹ́rin ni òun ti rí tí wọ́n jí èèkàn gbé sún mọ́lé kí lọ́rì lè kó wọn. "Tiyín le o, ọ̀gá káfíńtà. Àwọn yẹn tiẹ̀ sá fún ojú mi."

Ìyá dìde. Ó kọjú síbi tí ohùn akọ̀wé ti wá. "Akọ̀wé, ọmọ mi, gbé àga yìí lọ sídìí èèkàn, kó o jókòó. Òkun ò ní pẹ́ kún."

Akọ̀wé jókòó, ó ń wo aago. Omi lá ìdí èèkàn, ó padà. Ó tún dé, ó kọjá. Ọkùnrin náà gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ó gbé ìkejì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló gbé àga sẹ́yìn kí omi tó dúró. Ó dìde, ó ka ìṣísẹ̀ láti ibi tí omi dé títí dé ẹnu ọ̀nà: méjìlá. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó ní kí wọ́n di ẹrù kílẹ̀ tó mọ́.

Káfíńtà na ọwọ́ kó mú ìyá rẹ̀ dé ibi tí àga wà létí omi. Ìyá ò gba ọwọ́. Ó dá lọ, ó fi ọ̀pá wá omi kàn.

"Láti ìgbà wo?"

"Oṣù mẹ́ta, Ìyá."

"Wọ́n ní irọ́ a máa rin ogún ọdún. Tìẹ ò tiẹ̀ rìn jìnnà."

Ẹ̀rín fẹ́ pa Káfíńtà, ṣùgbọ́n ojú ìyá ò bá a rẹ́rìn-ín. Ìyá yí padà sílé, ó ń kà sókè bí ẹni tó ń kọ́ ọ̀nà tí kò mọ̀ rí: ení, èjì, ẹ̀ta. Ọmọ ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn, kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn jù. Ní èjìlá, ọ̀pá kan ilẹ̀kùn. Ìyá dúró síbẹ̀, kò wọlé.