Ọkọ̀ Ìbejì Inú Pálọ̀

Ọkọ̀ ìbejì ni káfíńtà ń kàn ní pálọ̀ rẹ̀, ọkọ̀ pákó méjì tí igi so pọ̀. Yóò fi sọdá òkun lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó pọ̀n ọ́n dàgbà. Àárò obìnrin náà ń sọ ọ́, àmọ́ omi ń já a láyà. Bọ́kọ̀ bá ti fẹ́ parí, á tún mú sáńpépà, á máa fá a.

"Bàbá ìbejì," ìyàwó rẹ̀ ní, "ṣé ẹ fẹ́ bó awọ lára wọn ni?"

Kò pẹ́, pákó fẹ́lẹ́ débi tí àtàǹpàkò rẹ̀ fi lu ú já. Inú rẹ̀ kọ́kọ́ dùn pé iṣẹ́ ṣì kù. Ìgbà náà ló rántí bí ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe móoru tó. Ó na sáńpépà sí ìyàwó rẹ̀.

"Jọ̀ọ́, gbé e pamọ́ kúrò lójú mi."