Owó Iná Oòrùn

Nígbà tí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àdúgbò fẹ́ yá tọkọtaya aránṣọ kan lówó láti fi ra iná oòrùn, ìyàwó fẹ́, ọkọ kọ̀ jálẹ̀.

“Ìyá àwọn ọmọ, ṣé torí oòrùn ọ̀fẹ́ la ṣe máa jẹ gbèsè? Jẹnẹrétọ̀ wa ò tíì kú.”

Jẹnẹrétọ̀ ò kú. Ọkọ ló kú. Lọ́jọ́ tí òjò ń rọ̀, ó gbé e wọ ṣọ́ọ̀bù, ó tilẹ̀kùn, ó ń ránṣọ lọ títí èéfín fi pa á.

Lẹ́yìn ìsìnkú ni opó rẹ̀ lọ yá owó náà. Iná ń tàn, ṣọ́ọ̀bù parọ́rọ́, àwọn aládùúgbò sì ń kí i kú oríire.

“Ẹ ṣé,” ló ń fi dá wọn lóhùn, ọ̀rọ̀ náà sì ń korò lẹ́nu rẹ̀ bí ewúro.