Ẹni Tí Ògún Ń Bínú Sí

Bàbá Awóníyì kò bá ìjà wá. Ká ní ó jà ni, ì bá sàn fún Ifátọ́lá mẹ́káníìkì. Láti Ọ̀tan-Ilé ni wọ́n ti fa mọ́tò bàbá náà padà wá sí Òkè Fìà, mọ́tò tí Ifátọ́lá tún ṣe lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọ́ìlì ti jò tán lójú ọ̀nà, ẹ́ńjìnnì sì ti nọ́ọ̀kì.

“Ọmọ mi, èmi ni mo jẹ̀bi,” ni bàbá wí. “Mo fi mọ́tò kó kòkó láì tíì bọ Ògún lọ́dún yìí.” Ó yọ obì lápò. “Ìwọ tí ò ń bọ ọ́, bá mi bẹ̀ ẹ́.”

Ògún wo? Ṣé Ògún ló fi sukudiráfà ti síìlì pọ́ǹpù ọ́ìlì, rọ́bà tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì jò, wọlé títí etí rẹ̀ fi ya? Ṣé Ògún ló rí i pé ó ya, tó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, tó ní, “Bàbá, ó ti dáa, ẹ máa lọ,” nítorí pé òjò ṣú, ó sì fẹ́ tètè relé?

Ifátọ́lá gba obì. Ó kúnlẹ̀ síwájú òkìtì irin tó wà lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù, bàbá náà sì rọra kúnlẹ̀ tì í, tòun ti orúnkún tó ń dùn ún. Ifátọ́lá bẹ Ògún pé kó dárí jin ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́. Ó wá ku kó dárúkọ onítọ̀hún. Bàbá tẹrí ba, ó ń retí orúkọ ara rẹ̀.

“Ifátọ́lá ni,” ni mẹ́káníìkì wí.