Ilé Àgbà Tí Wọ́n Ti Ń Fọwọ́ Kan Etí

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má tíì wọ bàtà. Ẹ gbọ́ àlá tí mo lá nípa ilé ìtọ́jú àgbà tẹ́ ẹ fẹ́ lọ wò fún Màmá àgbà.

Èmi àti Màmá àgbà la débẹ̀, àfi bó ṣe di iléèwé tí mo sá kúrò níbẹ̀ ní kékeré. Àwọn arúgbó wọ yunifọ́ọ̀mù, wọ́n jókòó sórí bẹ́ńṣì. Mátíróònù ilé náà ní, "Màmá, ẹ gbé ọwọ́ gba orí kọjá, kẹ́ ẹ fi kan etí kejì. Tó bá ti kàn án, a gbà yín nìyẹn." Bí wọ́n ṣe ń dán ọmọdé wò gẹ́lẹ́! Mi ò fẹ́ kí wọ́n gba Màmá, torí nínú ilé wa, àwọn nìkan ló ti gbàgbé pé mi ò kàwé yanjú.

Ọwọ́ Màmá ò kàn án. Òmùgọ̀ bíi tèmi, mo ní kí n fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é hàn wọ́n. Ọwọ́ mi gùn bí okùn kànga, ó yí orí mi po, ó di etí mú.

"A ti gbà ẹ́," ni Mátíróònù wí.

Màmá ti ń lọ sílé. Mo ké, "Màmá, ẹ dúró dè mí!"

Màmá bojú wẹ̀yìn. "Ọmọ ta nìyí?" Wọ́n wá kọjú sí Mátíróònù. "Ẹ ti géètì dáadáa o. Eléyìí máa ń fo fẹ́ǹsì."

Ni mo bá jí, mo ṣì di etí mi mú.