Iná Inú Ojú Ọ̀jọ̀gbọ́n

Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúsànmí kò fẹ́ràn mi, èmi náà kò fẹ́ràn rẹ̀. Adédàpọ̀ ọmọ rẹ̀ ló gbà mí pé kí n máa tọ́jú rẹ̀ nílé wọn ní àdúgbò Castle Hill lókè òkun. Ọgbọ̀n ọdún ló fi kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì ní ọgbọ́n àwọn ará Gíríìkì àti Róòmù àtijọ́. Èmi kò kọjá ìwé mẹ́fà. Ìyókù, fúnra mi ni mo kọ́ ọ.

Láàárọ̀ Sátidé kan, ó wọ kóòtù, ó mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. Ó ní òun máa gbé Danielle ọmọ-ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún méje, lọ kọ́ dùùrù ní Fordham.

"Bàbá, lánàá, orí tábìlì lẹ da tíì sí, ẹ rò pé ife ni."

"Ilé yìí ló ṣókùnkùn. Rashidat, iná ló wà nínú ojú, bí àwọn Gíríìkì ṣe wí. Iná yẹn á jáde, á dàpọ̀ mọ́ ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, á lọ fọwọ́ kan nǹkan, á padà wá jíṣẹ́. Àwọn kan ní nǹkan ló ń bó awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń fò wọnú ojú. Òmùgọ̀ ni wọ́n."

"Nínú gbogbo wọn, ta ló wa mọ́tò rí?"

Ó rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn. "Bí iná ò bá sí lójú mi, kí ló dé tó ò lè wò mí lójú láti oṣù mẹ́ta? Ṣe lo máa ń wolẹ̀."

Òótọ́ ni. Ẹni ọgọ́rin ọdún ni, wọ́n sì tọ́ mi pé kí n má ranjú mọ́ àgbà. Mo ń bu oúnjẹ fún un, mo ń wẹ ẹ̀yìn rẹ̀, n kò wo ojú rẹ̀ rí. Ojoojúmọ́ ni mo sì ń kọ ọ́ sínú ìwé iṣẹ́ pé kò sí wàhálà.

Mo gbójú sókè. Mo sún mọ́ ọn títí èémí rẹ̀ fi ń kàn mí. Nǹkan funfun ti bo ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì. Mo yọ ahọ́n sí i. Danielle, tó dúró lẹ́yìn mi, fọwọ́ bo ẹnu.

"Ṣé o rí ara ẹ?" ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí. "O ṣì ń wolẹ̀."

Mo já kọ́kọ́rọ́ náà gbà.

"Olè! Dàpọ̀ máa lé ọ lónìí!"

"Kó lé mi. Ojú yín gan-an ni mo ranjú mọ́ yẹn, Bàbá. Mo tún yọ ahọ́n sí yín."

Ó yíjú síbi tó rò pé ọmọ náà wà. "Danielle, irọ́ ló ń pa, àbí?"

Ẹ̀yìn mi ni Danielle ti fi èdè Gẹ̀ẹ́sì dáhùn pé irọ́ kọ́.

"Ẹ jáde," ni bàbá náà wí. "Ẹ̀yin méjèèjì."

Bọ́ọ̀sì la wọ̀ lọ. Nígbà tí Adédàpọ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, ó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi, kò dúpẹ́. Ó bi mí pé kí ni mo ti ń wò fún oṣù mẹ́ta. Ó ní kí n má padà wá mọ́.