Ohùn Àbúrò Mi Nínú Gbọ̀ngàn

Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé sùúrù kò pọ̀ lọ́wọ́ mi. Ẹ má retí kí n fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí. Mo ti gbọ́ ohùn jẹ́jẹ́ tó, ó ti sú mi.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe ní ọ́fíìsì ìjọba tí wọ́n ti ń gba ìwé ìdánimọ̀. Tẹ́lẹ̀, iléeṣẹ́ òkèèrè kan ló ni ètò tí à ń lò lórí kọ̀ǹpútà. Àwa kò lè rí inú rẹ̀. Bó bá bàjẹ́, a ó kawọ́ gbera títí wọ́n á fi rí àyè tiwa. Ohùn kan wà nínú rẹ̀ tó máa ń pe èrò sí ojú fèrèsé, ohùn obìnrin òyìnbó. Ká sọ òótọ́, ó ń pa orúkọ àwọn èèyàn lára. Bàbá àgbàlagbà á jókòó láti àárọ̀, wọ́n á pè é, wọ́n á tún un pè, kò ní mọ̀ pé òun ni.

Nígbà tí ìjọba wá ní kí gbogbo ọ́fíìsì kó lọ sórí ètò tó ṣí sílẹ̀, èyí tí ẹnikẹ́ni lè ka inú rẹ̀, kó tún un ṣe, kó sì mú un lò láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnì kan, díẹ̀ ló kù kí n jó. Àmọ́ ètò tuntun náà kò ní ohùn. Ọmọkùnrin kan wà tí a jọ ń kọ kóòdù, Jígí là ń pè é, nítorí ojú méjì tó gbé lé tirẹ̀. Èmi àti ẹ̀ jókòó, a ní àwa náà á ṣe ohùn tiwa.

Ohùn ta ni ká wá lò bí kò ṣe ti àbúrò mi? Fèrèsé kìíní ló ń jókòó sí, Olóhùn ni gbogbo ọ́fíìsì ń pè é. Bó bá ní kí èèyàn padà lọ tún fọ́tò yà, onítọ̀hún á dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi tí a jọ jáde nínú ikùn kan náà, bí mo bá kí èèyàn pé ẹ káàárọ̀, wọ́n á bi mí pé kí làwọn ṣe.

A ti ara wa mọ́ yàrá ìkẹ́rùsí, a gbé fóòmù ti ògiri kí ariwo má bàa wọlé. Àbúrò mi ń ka orúkọ, ó ń ka nọ́ńbà, ó ń ka "ẹ máa bọ̀ ní fèrèsé kẹta". Bó bá ti rẹ̀ ẹ́, á yíjú sí mi: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi wá omi, ọ̀fun mi ti di ti ìjọba." Kọ̀ǹpútà fi ohun tó kà kọ́ bó ṣe ń sọ̀rọ̀, tó fi jẹ́ pé ó lè pe orúkọ tí àbúrò mi kò pè rí láyé rẹ̀. A gbé ohùn náà síta pẹ̀lú ètò, bí a ṣe ń ṣe é: ẹni tó bá fẹ́, kó mú un. Tẹ̀ríntẹ̀rín ni àbúrò mi fi fọwọ́ sí i. Ohun tí èèyàn bá sì ti gbé kalẹ̀ báyẹn kì í ṣe tirẹ̀ mọ́, kò ṣeé gbà padà. Àwọn ọ́fíìsì yòókù mú un. Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn náà mú un, wọ́n sì fi èdè tiwọn sí i lẹ́nu.

Kò pé ọdún tí ikọ́ mú àbúrò mi. Ikọ́ lásán la pè é. Ó di èémí tí kò délẹ̀ mọ́, ó di bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn. Nígbà tí a sin ín tán, gbogbo ayé ní kí n mú ọkàn le. Mo mú un le. Ṣebí ó ti le tẹ́lẹ̀.

Màmá wa ló wá kó ẹrù rẹ̀ ní ọ́fíìsì: bàtà kan, ife tíì, súwẹ́tà tó máa ń wọ̀ nítorí ẹ̀rọ amúlétutù. Ó ń la gbọ̀ngàn kọjá nígbà tí ohùn náà sọ lókè orí rẹ̀ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀ ní fèrèsé kejì." Màmá dúró. Ó wá àyè lórí bẹ́ǹṣì, ó jókòó, ó gbé súwẹ́tà náà lé itan. Nígbà tí a fẹ́ tilẹ̀kùn, ibẹ̀ ló ṣì wà. Lọ́jọ́ kejì, ó tún dé. Ó ń wá bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́.

Kò sẹ́ni tó lè lé e. Ta ni yóò lé ìyá tó ń gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀? Èmi alára rò pé á sú u, á jókòó sílé. Àfìgbà tí ọlọ́dẹ ẹnu ọ̀nà pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Àǹtí, ẹ má bínú o. Màmá ń dáhùn."

"Wọ́n ń dáhùn kí ni?"

"Gbogbo orúkọ tí ẹ̀rọ bá pè, Màmá á ní, hẹn, ọmọ mi."

Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní purọ́. Ọmọ kékeré pàápàá mọ̀ pé bí èèyàn bá gbọ́ ìpè tí kò rí ẹni tó pè é, kì í dáhùn. Bó ti wù kí ohùn náà jọ ti ẹni tó mọ̀ tó, á kọ́kọ́ yọjú wò. Mo lọ bá Màmá lórí bẹ́ǹṣì.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fúnra wa. Ẹ̀rọ ni. Ẹ̀rọ lẹ̀ ń gbọ́ yẹn."

"Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀, kí lẹ wá ń dáhùn sí?"

"Bí ọmọ mi bá sọ̀rọ̀, ṣé kí n dákẹ́ bí ẹni tó ń bá a jà ni?"

Mo padà sí yàrá mi, mo bínú sí gbogbo ẹni tí mo bá pàdé lọ́nà.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni ikọ́ bẹ̀rẹ̀. Ohùn náà ń pe bàbá kan, ó ní "ẹ máa bọ̀ ní fèrèsé," ló bá dánu dúró. Ó wúkọ́. Ó mí. Ó wá ní "kẹrin." Àwọn èrò rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé èèyàn ló wà nídìí ẹ̀rọ. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ara àbúrò mi dá ṣáṣá nígbà tó ka àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn, kò sí ikọ́ kankan nínú ohun tí a gbà sílẹ̀. Èmi àti Jígí tún gbogbo rẹ̀ gbọ́. A ka kóòdù náà láti òkè délẹ̀.

Nínú ètò tó ṣí sílẹ̀, ẹni tó bá yí nǹkan padà, orúkọ rẹ̀ á hàn lára ohun tó yí. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ohun tó já mi láyà jù nìyẹn. Bó bá jẹ́ ètò iléeṣẹ́ òkèèrè ni, ǹ bá ní wọ́n fi nǹkan pamọ́ síbẹ̀, ọkàn mi á sì balẹ̀. Ti èyí, ohun gbogbo wà ní gbangba, mo rí gbogbo rẹ̀, ikọ́ náà kò sí níbẹ̀, mo sì ń gbọ́ ọ láti yàrá mi.

Jígí bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún nù ún. "Àǹtí, ṣé ẹ gbọ́ bó ṣe ń mí? Ó ń le sí i."

Mo ní kó panu mọ́ kó máa ṣiṣẹ́ rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́, ohùn náà sọ pé, "Màmá mi, ẹ máa bọ̀ ní fèrèsé keje."

Etí mi ni mo fi gbọ́ ọ. Gbogbo èrò gbọ́ ọ. Fèrèsé mẹ́fà la ní. Lẹ́yìn ìkẹfà, ògiri ló kù, ọ̀dà aláwọ̀ ewé ni wọ́n kùn sí i.

Màmá dìde. Ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe, ó ní, "Mò ń bọ̀, ọmọ mi." Ó rìn láàárín èrò, wọ́n ń yà fún un. Ó lọ dúró síwájú ògiri náà, ó sún mọ́ ọn débi pé imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ọ̀dà. Ó ń fetí sílẹ̀, ó ń mi orí, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Nígbà tí mo débẹ̀ tí mo dì í lápá, apá rẹ̀ tutù nini.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká lọ."

"Dúró ná," ló wí. "Ó ní òun ń bọ̀ wá ṣílẹ̀kùn fún mi."

Mi ò fà á. Mo gbé e kúrò níbẹ̀ ni, bí wọ́n ṣe ń gbé ọmọ tó sùn. Kò wúwo mọ́ rárá.

Láti ọjọ́ náà ni Màmá kò ti jẹun mọ́. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò títí, kò rí nǹkan kan. Ó kàn dùbúlẹ̀, ó kọjú sí ògiri yàrá, ó ń retí. Mo ti sin àbúrò. Mi ò ní sin ìyá tẹ̀lé e nítorí ẹ̀rọ tí èmi fọwọ́ ara mi tò. Mo gba yàrá ọ̀gá àgbà lọ, mi ò kan ilẹ̀kùn.

Ọ̀gá àgbà wa fẹ́ràn fọ́tò. Gbogbo àlejò tó bá ti òkèèrè wá, ó gbọ́dọ̀ mú wọn wá gbọ́ ohùn náà, kó sì dúró sáàárín wọn kí wọ́n yà á.

"Ẹ fẹ́ yọ kí ni? Ohùn tí a fi ń yangàn? Ìyáàfin, ọ̀fọ̀ ló ń dà yín láàmú. Ẹ lọ gba ìsinmi."

"Ọ̀gá, ìyá mi ń kú lọ."

"Ẹ̀rọ kì í pa ìyá ẹnì kankan."

Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ìyẹn tán ni a gbọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín pé iná ti lọ láti àárọ̀. Kò sí kọ̀ǹpútà kan tó ń ṣiṣẹ́ nínú ilé náà, fáànù gan-an dúró, a ti ní kí àwọn èrò máa lọ. Láti inú gbọ̀ngàn tó ṣófo, ohùn àbúrò mi wúkọ́. Ó wúkọ́ pẹ́, bó ṣe wú u lọ́jọ́ tó kẹ́yìn. Ó wá mí, ó sì fi jẹ́jẹ́ sọ pé, "Ọ̀gá, ẹ máa bọ̀ ní fèrèsé keje."

Ọ̀gá àgbà rọra jókòó. Ojú rẹ̀ ti yí padà.

"Ẹ má dáhùn o," ni mo wí.

"Mi ò dáhùn." Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè gbé ohùn sókè. "Ẹ yọ ọ́. Ẹ yọ ọ́ lónìí."

Nídìí iṣẹ́ wa, ẹnì kan kì í dá nǹkan yọ. Bí èmi bá ṣe é, ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ wò ó kó tó fọwọ́ sí i. Nígbà tí iná dé, mo yọ ohùn náà, Jígí wò ó, ó fọwọ́ sí i, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó fẹ́ràn àbúrò mi. Gbogbo wa la mọ̀, òun nìkan ló rò pé a kò mọ̀. A fi agogo rọ́pò ohùn náà ní gbogbo ọ́fíìsì ìjọba, gbọ̀ngàn wa sì di gbọ̀ngàn lásán.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Màmá ní ebi ń pa òun. Mo gbé oúnjẹ lọ fún un, ó tọ́ ọ wò, ó ní iyọ̀ ti pọ̀ jù, ó ní ta ló kọ́ mi ní oúnjẹ sísè. Mo lọ sẹ́yìn ilé, mo sunkún ayọ̀ dáadáa.

Oṣù mélòó kan kọjá. Lọ́sàn-án ọjọ́ ìsinmi kan, mo wà nílé, Màmá ń fọ abọ́ lẹ́yìn, ọkùnrin kan sì pè mí lórí kọ̀ǹpútà láti orílẹ̀-èdè tó jìnnà réré. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe fún ìjọba wa lòun náà ń ṣe fún tiwọn. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó dúpẹ́ títí. Ó ní ohùn wa làwọn ń lò nílé ìwòsàn àwọn, àwọn aláìsàn fẹ́ràn rẹ̀.

Mo ní kí wọ́n yọ ọ́.

Ó ní kí ló dé? Kì í wúkọ́, kì í ṣe ohunkóhun, èdè àwọn ló ń sọ, ó sì ń sọ ọ́ dáadáa. Ohun kan péré ni kò yé àwọn. Bí wọ́n bá ti fẹ́ tilẹ̀kùn gbọ̀ngàn nírọ̀lẹ́, ó máa ń sọ ọ̀rọ̀ kan tí kì í ṣe èdè àwọn, tẹ́nì kankan ò kọ́ ọ. Àwọn rò pé èdè tiwa ni. Ilẹ̀ ti ń ṣú lọ́dọ̀ àwọn, wọ́n máa tó tilẹ̀kùn. Òun á gbé kọ̀ǹpútà òun sábẹ́ sípíkà kí n lè túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà.

Kí n tó sọ pé rárá, ó ti gbé e dé ibẹ̀.

Mo kọ́kọ́ gbọ́ èdè wọn ní ohùn àbúrò mi, bí ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀. Ó dákẹ́. Mo gbọ́ tí wọ́n ń to àga. Lẹ́yìn náà ló ní:

"Ẹ̀gbọ́n mi, ilẹ̀ ti ń ṣú. Ṣé ẹ ti ṣe tán? Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé."

Kò sí ikọ́ nínú rẹ̀. Ara rẹ̀ ti yá. Òun nìkan ni àbúrò tí mo ní, láti ìgbà tí a ti sin ín kò sẹ́ni tó tún pè mí ní ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ́, mi ò sì mọ̀ pé ohun tó ń dùn mí nìyẹn àfi báyìí. Àárò rẹ̀ sọ mí, ó sọ mí débi pé mo gbàgbé ara mi. Èmi tí mò ń pariwo mọ́ Màmá, èmi tí mo kìlọ̀ fún ọ̀gá, mo sún mọ́ kọ̀ǹpútà náà, mo la ẹnu, mo ní, "Hẹn, mò ń—"

Ọwọ́ kan bò mí lẹ́nu láti ẹ̀yìn.

Màmá ni. Mi ò mọ ìgbà tó wọlé. Ọwọ́ rẹ̀ rin fún omi abọ́, ó sì gbóná. Ó fa orí mi mọ́ àyà rẹ̀, ó dì í mú ṣinṣin, ó wá na ọrùn sí kọ̀ǹpútà náà, ó sì sọ̀rọ̀ bí ìyá ṣe ń bá ọmọ tó ń yọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́nu sọ̀rọ̀.

"Kò tíì ṣe tán. Ìwọ máa lọ, ọmọ mi. Máa lọ sílé."

Èmi àti Màmá gbọ́ bí ohùn náà ṣe mí lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn ìyẹn, a kò gbọ́ ọ mọ́. Ọkùnrin òkèèrè yẹn ń bi wá láti ibẹ̀ pé kí ni ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí, ó bi wá títí. Màmá kò gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò lẹ́nu mi.